Ohun Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bi Sójà

Ní ẹsẹ̀ Afárá Carter, níbi tí àwọn kọ̀ńdọ́ ti ń pe "Ìdúmọ̀tà! Ìdúmọ̀tà!" títí ohùn wọn á fi há, àwọn àgbàlagbà kan ṣì wà tí kì í pe ibẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Sójà Ìdúmọ̀tà" ni wọ́n ń wí. Ọmọdé tó bá gbójú sókè láti wá sójà náà kò ní rí ohun tó jọ ọ́. Ìsọ̀ aláṣọ ni yóò rí, àti aago olówó pọ́ọ́kú, àti alábàárù tó fi òṣùká tẹ́ orí, tó ru ìdì aṣọ mẹ́ta lé ara wọn, tó ń ké pé kí wọ́n yàgò lọ́nà.

Sójà náà wà níbẹ̀ nígbà kan rí. Ère ni, wọ́n gbé e kalẹ̀ láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti fi ṣe ìrántí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bá wọn jagun tí wọn kò padà wálé. Ìlú gbòòrò, ọkọ̀ pọ̀, ọ̀nà yí padà, wọ́n gbé ère kúrò. Orúkọ ni kò bá a lọ. Ẹnu àwọn ará Èkó tọ́jú rẹ̀ láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ orúkọ nìkan náà ló kù. Bí a bá bi ẹni tó ń sọ "Sójà Ìdúmọ̀tà" pé sójà wo, ogun wo, ọmọ ta ni, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Ó dunni, nítorí Ìsàlẹ̀ Èkó kì í ṣe ìlú tí kò mọ bí wọ́n ti ń tọ́jú ìtàn ogun. Ogun tí Kòsọ́kọ́ àti Akítóyè fi jà lórí oyè ọba Èkó ní 1845, Ogun Olómirò ni Èkó sọ ọ́. Ní oṣù Kejìlá 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà wá, tí wọ́n yin àgbá lu ìlú títí Kòsọ́kọ́ fi sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, ìró àgbá náà gan-an ni àwọn èèyàn fi sọ ogun náà lórúkọ: Agídìngbì. Ẹni tó bá pe orúkọ yẹn ti fi etí ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́ ogun náà. Nígbà tó sì di 1913, John B. Losi tẹ Ìwé Ìtàn Èkó jáde ní èdè Yorùbá. Láti Agídìngbì sí ìwé Losi, ọdún 62 péré ni. Ẹni tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí àgbá ń dún ṣì lè jókòó ti òpìtàn, kó sọ bí ilẹ̀ ṣe mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ogun Hitler parí ní 1945. Láti ìgbà náà títí di òní, ó ti fi nǹkan bí ogún ọdún ju ọdún 62 ti Losi lọ. Ọmọ ọdún 18 tó wọṣọ ológun lọ́dún tí ogun náà parí, bó bá ṣì wà láyé, ó ti ń súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìdí nìyẹn tí ìtàn ọkùnrin kan tó lo ọjọ́ ogbó rẹ̀ ní Èkó fi yẹ kí a tún sọ, nítorí ó fi hàn bí ìtàn sójà ṣe ń là á já, àti bó ṣe kù díẹ̀ kó má là á já.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ ká wo ìlú tó gbà á kọjá.

Èkó nígbà Ogun Hitler kì í ṣe ibi tí wọ́n kàn ti ń gbọ́ ìròyìn ogun lórí rédíò. Èbúté ogun ni. Ní oṣù Kìíní 1942, ọkọ̀ afàkọ̀ méjì, Vulcan àti Nuneaton, yọ́ kúrò ní Èkó, wọ́n kọrí sí erékùṣù Fernando Po tó wà lábẹ́ Spain nígbà náà. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú wọn, pẹ̀lú àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ṣà jọ ní Nàìjíríà. Òru ni wọ́n wọ èbúté Santa Isabel. Wọ́n já ọkọ̀ ńlá Ítálì kan tó ń jẹ́ Duchessa d'Aosta gbà lẹ́yìn àwọn ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n ti tàn lọ síbi àsè, wọ́n sì fà á gba orí òkun wá sí Èkó. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì kún fún ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà wọlé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Èkó fi ojú ara wọn rí i. Kí ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n délé lálẹ́ ọjọ́ náà? Ìyẹn kò sí nínú ìwé kankan.

Ogun náà sì wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Ìjọba dá iye lé gàrí àti oúnjẹ mìíràn, wọ́n fi ọ̀gá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pullen ṣe alákòóso, wọ́n sì ṣí àwọn ọjà tí gbogbo ìlú ń pè ní ọjà Pullen. Ta ló dìde? Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ọjà Eréko, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí kò lọ sílé ìwé rí. Wọ́n fi owó lọ̀ ọ́ kó lè bá wọn fọwọ́ sí ètò náà. Ó kọ̀ jálẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ka àwọn tó ja ogun yẹn, kò yẹ kó fo àwọn obìnrin wọ̀nyí dá. Ìyàwó sójà tó ń tò fún gàrí ní Èkó àti ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ bisikí líle nínú igbó, ogun kan náà ni wọ́n ń jà. Àmọ́ nígbà tí ẹni tó ń gba ìtàn bá wọlé, bàbá ló máa ń kọjú sí. Ìyá á gbé omi tútù wá fún àlejò, á sì padà sí ilé ìdáná.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942 yẹn kan náà ni ọmọkùnrin kan láti Èmùrè-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta. Isaac Fádóyèbò lorúkọ rẹ̀. Ìparí 1925 ni wọ́n bí i, nítorí náà kò ju ọmọ ọdún 16 lọ. Ó ti jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n kọ, ó mọ̀ ọ́n kà. Ìwé tó kà yìí ló jẹ́ kí wọ́n fi í sí ẹ̀ka ìṣègùn, kó máa ran dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ìwé yẹn kan náà ni yóò gba ìtàn rẹ̀ là lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà.

Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ sí Bọ́mà, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, tó nǹkan bí 90,000, Nàìjíríà ló sì kó èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn. Ìpín ogun méjì ni wọ́n. Ìpín 81 ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ní 1943. Àmì ejìká wọn ni aláǹtakùn dúdú, Ananse, tó jẹ́ fún àwọn ará Gold Coast ohun tí Ìjàpá jẹ́ fún wa. Ìpín 82 tẹ̀ lé e. Àmì tiwọn ni ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn lórí òṣùká. Òṣùká! Ohun tó wà lórí alábàárù Ìdúmọ̀tà lónìí ni wọ́n rán mọ́ ejìká sójà nígbà náà, nítorí pé lórí òkè àti nínú igbó Bọ́mà, níbi tí mọ́tò kò lè gbà, orí ni àwọn ọmọ Áfíríkà fi ń ru ọta, ru oògùn, ru oúnjẹ tí bàálù jù sílẹ̀ láti òkè. Ọmọ ogun díẹ̀ ló fi orí rìn bẹ́ẹ̀ nínú ogun yẹn. Bí ère bá máa padà sí Ìdúmọ̀tà lọ́jọ́ kan, ó yẹ kí òṣùká wà lórí rẹ̀.

Ọkọ̀ òkun gbé Isaac àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà ká lọ sí India. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ àfonífojì odò Kaladan, ní ẹkùn Arakan. Ilé ìwòsàn ojú ogun tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 29 ni ó wà, òun pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ Sierra Leone. Iṣẹ́ wọn ni láti tọ́jú ẹni tó gbọgbẹ́. Wọn kì í ṣe ẹni tí wọ́n rán lọ síwájú láti yìnbọn.

Ní oṣù Kẹta 1944, wọ́n wà létí odò náà nígbà tí ìbọn àwọn ará Japan ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọta fọ́ egungun ẹsẹ̀ Isaac. Òmíràn bà á níkùn. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, àwọn tó lè sá ti sá, àwọn tó kú ti kú. Àwọn tí ọta bà tí wọn kò lè rìn ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Isaac àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, tí òun náà gbọgbẹ́. Ọmọ ọdún 18 ni Isaac nígbà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é gbé nílẹ̀.

Àgbẹ̀ kan ló rí wọn. Shuyiman lorúkọ rẹ̀, Mùsùlùmí ni, ó wà lára àwọn ẹ̀yà tí gbogbo ayé ń pè ní Rohingya lónìí. Ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó. Nígbà tó yá, ó kó wọn wọlé ara rẹ̀, sáàárín ìyàwó àti ọmọ. Bí àwọn ará Japan bá ká wọn mọ́bẹ̀, gbogbo ìdílé náà ni ìbá bá a lọ. Isaac, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì láti Èmùrè-Ilé, di Suleman. David di Dauda. Ará Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń ka èyí kò ní nílò àlàyé. Nínú agbo ilé rẹ̀, Sulaimọn àti Dauda ń bá Josiah àti Samuel jẹun nínú àwo kan náà, ìdílé kan náà ló bí wọn. Àwọn méjì náà wà lábẹ́ òrùlé Shuyiman títí di oṣù Kejìlá 1944, nígbà tí àwọn sójà Gurkha, tó ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì, dé abúlé náà. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko.

Isaac padà sí Nàìjíríà. Ẹsẹ̀ kan kúrú ju ìkejì lọ; ó ń tiro títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó gba iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó fẹ̀yìn tì. Àìmọye èèyàn ló bá a wọ ọkọ̀, bá a tò ní báńkì, kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n rí ìtiro náà tí wọn kò bi í pé kí ló ṣe é. Wọn kò ṣe búburú. Nínú àṣà wa, a kì í tọ́ka sí àbùkù ara àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n nínú ìtiro yẹn ni odò Kaladan wà, àti Shuyiman, àti gbogbo àwọn tó kú létí odò tí àwọn ìyá wọn kò mọ ibi tí wọ́n sùn.

Àwọn ọdún ìkẹyìn ayé rẹ̀ la fẹ́ dúró lé lórí, nígbà tó ti di "Bàbá" fún gbogbo ẹni tó bá wọ ilé rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó lè pe orúkọ rẹ̀ lásán mọ́. Kò sí òpìtàn tó kan ilẹ̀kùn Bàbá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n mú bírò. Wọ́n kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara, láìfi ṣakọ, láìsọ ara wọn di akọni. Oríire tó kọjá ìgbàgbọ́ ni wọ́n pe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì fún ìwé ọ̀hún: A Stroke of Unbelievable Luck. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, BBC ń wá ìtàn àwọn ọmọ Áfíríkà tó ja ogun náà. Ìtàn Bàbá wà lára èyí tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ rí ààyè ní Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1999, Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣáájú láti ọwọ́ òpìtàn David Killingray.

Ẹ wo ọ̀nà tí ìwé náà tọ̀: Èkó, Lọ́ńdọ̀nù, Wisconsin. Kò sí ilé ìkàwé kan ní Nàìjíríà nínú ìrìn àjò yẹn. A kò sọ ọ́ láti fi bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ kó máa jẹ wá lọ́kàn ni pé bí Bàbá kò bá lọ sílé ìwé, bí wọn kò bá ní sùúrù láti jókòó kọ ọ́, bí ìwé náà bá sọnù nílé ìfìwéránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ì bá wọlẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ọ̀pọ̀ sójà Bọ́mà ni kò mọ̀wé. Ẹnu nìkan ni tiwọn, ẹnu sì nílò etí.

Etí ọmọ ni ó gba àwọn kan là. Bàbá Bíyì Bándélé, òǹkọ̀wé tó dágbére fáyé ní Èkó ní 2022, ja ogun Bọ́mà. Ìtàn tí bàbá náà ń sọ nínú ilé fún ọmọ rẹ̀ ló di gbòǹgbò ìwé Burma Boy tí Bándélé kọ ní 2007. Ìtàn àròsọ ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á yóò gbọ́ bí àwọn sójà wa ṣe ń tọ́ ara wọn, ṣe ń ṣàwàdà, ṣe ń bẹ̀rù. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀gá ológun kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni iye ẹni tó kú àti iye máìlì tí wọ́n rìn.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀nà tí ìtàn irú àwọn bàbá wọ̀nyí ń gbà parí hàn kedere sí ẹni tó bá ti jókòó níbi ìsìnkú. Fọ́tò wà lára ògiri pálọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: ọ̀dọ́kùnrin kan nínú káàkí, fìlà ológun dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ le koko nítorí pé ayàwòrán ní kó má mira. Fọ́tò náà ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n á yọ ọ́ lára ògiri, wọ́n á fi tẹ ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀: Bàbá ja Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n á wá kọ orúkọ ọmọ, ọmọ ọmọ àti àna kún ojú ewé mẹ́ta. Ọdún mẹ́rin nínú ayé ènìyàn, ọdún tó gbé e la òkun kọjá tó sì dá a padà ní ẹlòmíràn, ìlà kan ló gbà.

Àyájọ́ ìrántí kò ṣàìsí. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni wọ́n gbé e lọ sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí ogun náà parí ní 1970. Ní Tafawa Balewa Square, níbi tí pápá ìdíje ẹṣin wà nígbà àwọn òyìnbó, ààyè ìrántí wà níbẹ̀ fún àwọn tó kú sójú ogun. Lọ́jọ́ náà, fèrè á dún, wọ́n á fi òdòdó lélẹ̀, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀, wọ́n á yin ìbọn sókè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ayẹyẹ kì í bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀. Àgbàlagbà tí wọ́n gbé sórí àga ní iwájú, tí mẹ́dà ń dán láyà rẹ̀, á wo ẹyẹlé náà lọ sókè, á bọ gómìnà lọ́wọ́, wọn á sì fi mọ́tò gbé e padà sílé.

Bíbi léèrè ni iṣẹ́. Iṣẹ́ náà kò nílò yunifásítì kó tó bẹ̀rẹ̀. Fóònù tó wà lápò ọmọ ọmọ lè gba ohùn sílẹ̀ ju ẹ̀rọ tí òyìnbó ń gbé kiri ní 1980 lọ. Ohun tó ṣòro ni mímọ ohun tó yẹ kí a bi. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ kí bàbá tán, tó wá sọ pé, "Bàbá, ẹ sọ ìtàn ogun fún wa," kò ní gba nǹkan kan kọjá ohun tí bàbá ti sọ fún gbogbo àlejò: ogun le, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ilẹ̀kùn tó hàn sí gbogbo èèyàn ni ìyẹn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ń ṣí inú ilé. Bàtà wo ni wọ́n fún yín, ṣé ó bá ẹsẹ̀ yín mu? Kí lẹ ń jẹ láàárọ̀? Èdè wo lẹ fi ń bá ọmọ Gold Coast sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀gá òyìnbó kò sí nítòsí? Ta ló ń bá yín kọ lẹ́tà sílé, kí lẹ sì pa mọ́ fún ìyá yín nínú lẹ́tà náà? Bí wọ́n bá bi bàbá léèrè bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rántí. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ni ọ̀nà máa ń yọ, lẹ́yìn ọ̀nà ni orúkọ ẹni tó ń rìn níwájú rẹ̀.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, jẹnẹrétọ̀ kì í sinmi, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń pe ìrun, òpópónà tóóró ni, ọkọ̀ ń kọjá lábẹ́ fèrèsé. Ìdájí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà tàbí àdúrà ìdílé, kí ọjà tó gbóná, ni ohùn àgbà máa ń mọ́ jù lọ, ọkàn wọn náà sì máa ń fúyẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá dákẹ́, kí ẹni tó ń gba ohùn dákẹ́ pẹ̀lú wọn. Ìdákẹ́ yẹn máa ń gùn, ẹni tó bá yára kún un pẹ̀lú ìbéèrè mìíràn ti ba nǹkan jẹ́. Bí wọ́n bá sunkún, kí ẹni tó ń gba ohùn pa ẹ̀rọ. Kí ìyá wà níjókòó, kí wọ́n bi ìyá náà léèrè ọjà Pullen.

Ìrántí sì ń ṣì. Bàbá á sọ pé ọdún kan, àkọsílẹ̀ ológun á sọ òmíràn. Wọ́n á pe odò kan lórúkọ odò mìíràn. Àwọn kan máa ń fi èyí kọ ìtàn ẹnu sílẹ̀, wọ́n ṣìnà. Àkọsílẹ̀ ológun wà láti tọ́ ọjọ́ àti ibi sọ́nà. Ẹnu bàbá ló mọ ohun tí àkọsílẹ̀ kò bìkítà fún. Ìwé ọ̀gá ológun lè sọ pé wọ́n kọlu ilé ìwòsàn kan létí odò, iye báyìí kú, iye báyìí ni wọn kò rí. Isaac Fádóyèbò wà lára àwọn tí wọn kò rí yẹn. Ó ń jẹ ìrẹsì Shuyiman.

Akọ̀ròyìn Barnaby Phillips, tó ti ṣiṣẹ́ fún BBC ní Nàìjíríà rí, ka ìtàn Bàbá, ó sì wá wọn wá sí Èkó. Àwọn méjèèjì jókòó, ọ̀pọ̀ ìgbà ni. Ohun kan wà lọ́kàn Bàbá tí ìwé kò parí: wọn kò mọ ohun tó gbẹ̀yìn Shuyiman àti àwọn ará ilé rẹ̀, wọn kò sì rí ààyè dúpẹ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n kọ lẹ́tà. Ní 2011, Phillips mú lẹ́tà náà la ilẹ̀ Bọ́mà kọjá, ní ẹkùn tí ìjọba kì í jẹ́ kí àlejò wọ̀ bó ṣe wù wọ́n, títí ó fi dé abúlé tó wà lẹ́bàá odò Kaladan. Fíìmù tó ṣe fún Al Jazeera lọ́dún náà, àti ìwé Another Man's War tó tẹ̀ jáde ní 2014, ló gbé ìtàn náà dé etí gbogbo ayé.

Ẹkùn tó lọ yẹn ni wọ́n ti lé àwọn Rohingya tó ju 700,000 lọ jáde ní 2017, sá lọ sí Bangladesh. Bí lẹ́tà Bàbá bá pẹ́ ọdún mẹ́fà sí i, bóyá ni ì bá rí ẹnikẹ́ni gbà á.

Phillips rí ìdílé náà. Shuyiman ti kú. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé àgbẹ̀ yẹn, níbi tí kò sí ìwé, tí kò sí ilé ìkàwé, tí kò sí ère lójú pópó, wọn kò gbàgbé àwọn sójà aláwọ̀ dúdú méjì. Òbí ti sọ ọ́ fún ọmọ, ọmọ ti sọ ọ́ fún ọmọ tirẹ̀. Ìtàn tí Bàbá fi bírò kọ ní Èkó, ẹnu ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ ní Arakan, òun pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n ń gbé lọ sínú igbó.

Wọ́n ka lẹ́tà náà fún wọn. Ọdún 67 ló ti kọjá láti ọjọ́ tí Suleman ti kúrò nílé wọn. Phillips gbé ohun tó rí padà wá sí Èkó, ó fi han Bàbá. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 2012, ni Bàbá Isaac Fádóyèbò dágbére fáyé.